Ẹ Má Jẹ́ Kí Òjò Bá Gọ́tà Ní Dídí

Ẹ̀yin ará wa ní Òsì, ní Ìlọ́fà, ní Àràròmí-Ọ̀pin, ní Odò-Ọ̀wá, ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, ní Kòró, ní Erúkù, àti ní gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo gbé wá fún yín lónìí, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ sílé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi: oṣù tí òjò kò rọ̀ ni oṣù tí à ń tún ọ̀nà ṣe. Káńsù tó bá jẹ́ kí oṣù wọ̀nyí kọjá lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sanwó ọ̀nà kan náà, àpò tiyín ni owó ẹ̀ẹ̀kejì yóò sì ti jáde.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Láti Òsì dé Ìlọ́fà, òkè ń wo òkè ni. Ìlú kan wà lẹ́sẹ̀ àpáta, òmíràn wà ní gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, tí ó sì ń rọ̀ títí di oṣù kẹwàá, omi tó bọ́ sórí àpáta kì í ríbi rì sí. Yóò ya wálẹ̀ ni, yóò sì máa wá ojú ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti táyà ọkọ̀ ti là sílẹ̀. Bí kò bá rí gọ́tà, yóò sọ ojú títì di gọ́tà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ti ọ̀nà, káńsù ni onílé, àwa tó ń gba ọ̀nà náà kọjá sì ni ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀nà ṣe ń kú, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ. Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, èyí tí wọ́n fi yangí tẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè dà sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ọkọ̀ bá ti ń gun un lójoojúmọ́, ẹ̀yìn yẹn á wọlẹ̀. Ojú ọ̀nà á kọ́kọ́ di pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ipa táyà á wọnú rẹ̀ gbọọrọ. Omi á dúró sínú ipa náà. Yangí tó bá ti mu omi yó kò lè gbé ẹrù mọ́: ọkọ̀ akóṣu kan tàbí ọkọ̀ agégẹdú kan tó bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á yà fún ẹrẹ̀ náà, á gba ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ náà á tún bàjẹ́. Kí ọdún tó yí po, ọ̀nà tí wọ́n fi katakata là á ti fẹ̀ dé inú oko olóko, síbẹ̀ kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ọkàn balẹ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà ọlọ́dà ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà dúdú tó wà lókè yẹn ló ń gbé ọkọ̀. Òkúta àti yangí tí wọ́n kì mọ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn jù. Iṣẹ́ pàtàkì tí ọ̀dà ń ṣe ni pé kó má jẹ́ kí omi wọ abẹ́. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ á mú ọ̀dà gbẹ, á sán fínnífínní, sísán náà kò sì tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń kà sí. Òjò àkọ́rọ̀ á dé, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Nígbàkígbà tí táyà ńlá bá tẹ orí ibẹ̀, á ti omi yẹn mọ́lẹ̀, omi á sì tún tú sókè, á máa kó ẹ̀rún yangí jáde. Nígbà tí abẹ́ bá ṣófo, ọ̀dà á já wọnú rẹ̀. Kòtò nìyẹn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí kòtò tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ tó di ohun tí ń ṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ ti rí ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí irú kòtò bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ariwo bá pọ̀ jù, ọkọ̀ kan á kó yangí tútù wá, wọ́n á dà á sínú omi tó wà nínú kòtò, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a, wọ́n á lọ. Òjò tó bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn á kó gbogbo rẹ̀ jáde. Èmi kò lè pe èyí ní iṣẹ́. Owó tó wọ̀gbẹ́ ni, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i nínú ìwé pé a ti ṣe é ń kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba. Bí ó ṣe yẹ kó rí ni pé kí a gé etí kòtò náà ní igun mẹ́rin dé ibi tó le, kí a gbá a mọ́, kí ó gbẹ, kí a fi ọ̀dà ṣíṣàn kun inú rẹ̀, kí a wá máa di í ní ìpele-ìpele, kí a sì máa kì í bí a ti ń dì í. Kò sí èyí tí a lè ṣe nínú òjò nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo oṣù ọyẹ́.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ilẹ̀ gbẹ. Gírédà lè wọ ọ̀nà oko láì rì. Gọ́tà rí gbangba, ẹ̀yin náà á sì rí ohun tó dí i: iyanrìn, koríko, àti ọ̀rá omi tí gbogbo wa ń jù sílẹ̀. A lè bẹ inú páìpù abẹ́ títì wò, èyí tí omi ń gbà kọjá, a sì lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ní gẹ̀rẹ́ òkè, a lè gbẹ́ ẹnu tí omi gọ́tà yóò máa gbà yà sínú igbó, kí ó má baà kó agbára jọ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. A lè to òkúta sínú gọ́tà níbi tó bá dagẹ̀rẹ̀ jù, kí omi má baà sáré. Iṣẹ́ tí ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì lè ṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí owó fún un, ẹ bi í léèrè iye tí wọ́n ná nígbà tí afárá já.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa kan wà lókè òkun tí ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà, àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn yìnyín ni wọ́n ń bá fà á. Ní Chicago, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, omi tó bá wọ inú sísán ọ̀dà nígbà òtútù á dì, á wú, á tún yọ́, á tún dì. Nígbà tí òtútù bá fi kásẹ̀, títì á ti kún fún kòtò. Nítorí náà káńsù wọn kì í dúró de yìnyín. Iyọ̀ tí wọn yóò fọ́n sójú títì, ọkọ̀ tí yóò wa yìnyín kúrò, àwọn awakọ̀ tí yóò jí lóru, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣètò kí òtútù tó mú. Ọdún tí ètò náà bá kùnà, ará ìlú kì í gbàgbé. Ní oṣù kìíní 1979, yìnyín tó tó ínṣì 20 já lu Chicago ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Títì dí, ọkọ̀ ojú irin dúró, pàǹtírí kún ìta. Michael Bilandic ni olórí ìlú nígbà náà. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi pé yìnyín já. Ohun tí wọ́n bi í ni ìdí tí ìjọba rẹ̀ kò fi múra sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà, Jane Byrne fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, ó sì wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú náà. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ojú títì ló gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí àlééfà.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tó ni ọ̀nà kí a tó mọ ẹni tí a ó bá wí. Ọ̀nà ńlá tó ti Ìlọrin wá, tó gba Omù-Àrán, tó dé Erúkù kó tó wọ Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. FERMA, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ló ni ìtọ́jú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀nà kan tó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìyókù, ìyẹn ọ̀nà àdúgbò, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà abúlé, ọ̀nà oko, ọrùn ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àfikún Kẹrin sí Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kọ ọ́ kedere pé kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà, àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà jẹ́ iṣẹ́ káńsù. Nínú nǹkan bíi kìlómítà 195,000 tí wọ́n máa ń ka ọ̀nà Nàìjíríà sí, nǹkan bíi 32,000 ni ti ìjọba àpapọ̀, nǹkan bíi 31,000 sì ni ti àwọn ìpínlẹ̀. Ohun tó kù, tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìjọba tó kéré jù ló ni ọ̀nà tó pọ̀ jù.

Ó tọ́ kí a sọ òdodo nípa owó. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín l'Ábújà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìpín àwọn ìpínlẹ̀ elépo, ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìdá 26.72 lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 20.60 sì ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń pín láàárín ara wọn. Láti inú ìpín yẹn ni owó oṣù olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù àti ti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti ń jáde. Nígbà tí wọ́n bá san gbogbo ìyẹn tán, ohun tó kù fún ọ̀nà kì í pọ̀. Àpò ìṣọ̀kan tí òfin ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ máa lò náà sì mú kó ṣòro fún ará ìlú láti mọ ibi tí owó gbà lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ káńsù, àti pé gómìnà kò gbọdọ̀ fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní Kwara. 2017 ni a ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé alága àti kánsẹ́lọ̀ wà báyìí tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìdìbò wa. Ẹ lè kan ilẹ̀kùn wọn. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ fún káńsù ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀, kò sì fún un ní àwáwí mọ́. Bí wọ́n bá ní owó kò tíì dé tààrà, ẹ ní kí wọ́n ka iye tó dé fún yín, kí wọ́n sì sọ oṣù tó dé. Ọ̀rọ̀ ará ìlú ni, kì í ṣe àṣírí.

A ti dán ọ̀nà oko wò rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1986, ìjọba Babangida dá àjọ ìdàgbàsókè ìgbèríko DFRRI sílẹ̀, wọ́n fi katakata la ọ̀nà yangí káàkiri ìgbèríko. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rántí ayọ̀ rẹ̀. Àmọ́ a la ọ̀nà náà láì sọ ẹni tí yóò máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni igbó àti àgbàrá sì ti gbà padà. Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti 1994 pé bí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gúúsù Sàhárà bá ti ná dọ́là bílíọ̀nù 12 lásìkò lórí ìtọ́jú ọ̀nà, wọn ì bá má ná bílíọ̀nù 45 láti tún wọn kọ́. Ètò ọ̀nà ìgbèríko RAAMP tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ń gbé owó lé lọ́wọ́ lónìí, tí Kwara náà wà nínú rẹ̀, ti kọ́ ọgbọ́n nínú ìyẹn. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ owó ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò ìtọ́jú ọ̀nà sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ọ̀nà tí kò ní olùtọ́jú, ẹ má wulẹ̀ là á.

Èyí ló gbé mi dé ohun tí mo ń bẹ àwọn káńsù wa méjèèjì pé kí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin tó ti dàgbà á rántí lébìrà PWD, ìyẹn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba, tí wọ́n ń fi àdá àti ọkọ́ tọ́jú ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n kásẹ̀ nílẹ̀, a kò sì fi nǹkan kan rọ́pò wọn. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀nà ìgbèríko wọn ní 1974, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀nà, wọ́n fi nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ sí méjì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń sanwó ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ fún un. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Á lọ sóko rẹ̀, á tún padà wá la gọ́tà, á di kòtò kékeré, á gé koríko. Tí ojú ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ lè ṣe èyí. Owó gírédà kan tó bà jẹ́ sí ọgbà káńsù á san owó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní àdá lọ́wọ́, owó náà yóò sì wà nílùú.

Ọ̀rọ̀ ààbò wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà pẹ̀lú, ní agbègbè wa pàápàá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkòró ti Kòró, wọ́n sì pa kábíyèsí. Ìrora yẹn kò tíì tán nílẹ̀ wa. Èmi kò sọ pé kòtò ló pa ọba. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń fà lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ rọrùn fún ọ̀daràn láti dá dúró, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a pè fún ìrànwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà. Aboyún tó ń rọbí lóru kò lè dúró de ìgbà tí ẹrẹ̀ yóò gbẹ. A sì ti kọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sí Òsì báyìí. Níbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá pọ̀ sí, ọkọ̀ àti ọ̀kadà á pọ̀, ọ̀nà á sì tètè gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwa náà lẹ́bi. Ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, tó fi kọnkéré dí i kí mọ́tò lè wọ iwájú ilé rẹ̀, ó ti darí omi sínú ilé aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó kó pàǹtírí sínú gọ́tà nígbà tí òjò ń rọ̀, tó ń retí pé omi á gbé e lọ, kò ro ibi tí omi ń gbé e lọ. Ẹ̀yin agégẹdú, ẹ má kó ẹrù tó ju agbára ọ̀nà lọ ní ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣì rin. Ẹ̀yin kábíyèsí àti ìjòyè, ẹ ṣì lè pe ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan fún gọ́tà ìlú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀wẹ̀ yín ṣe àwáwí fún káńsù. Ọ̀wẹ̀ kì í ra gírédà, kò sì lè ri páìpù sábẹ́ títì.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de oṣù kẹfà kí ẹ tó lọ. Ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ẹ bi í pé ọ̀nà wo ní wọ́ọ̀dù yìí ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, èló ni wọ́n kọ síbẹ̀, ta ni agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ wo ni wọn yóò la gọ́tà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti àdúgbò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá ilẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó di kòtò, bóyá wọ́n kì í dáadáa, bóyá ẹ̀yìn ọ̀nà yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún wá gba ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ mú ìwé yẹn jáde, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́.